Jẹ́ Kí Ṣúgà Mọ Ayé Kó Tó Dàgbà

Odode, Ìdànrè,
Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú.

Rẹ́nikẹ́ ọmọ mi, Àdùkẹ́ bàbá ẹ̀,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé iṣẹ́ tuntun ń lọ déédéé, àwọn ọmọ kíláàsì rẹ kò sì yọ ọ́ lẹ́nu jù? Àwa ńlé wà lálàáfíà. Ìyá rẹ ní kí n kí ọ, ó tún ní kí n sọ fún ọ pé kí o máa jẹun kí o tó jáde láàárọ̀. Mo ti jíṣẹ́ ẹ̀. Ó yá, jẹ́ kí n sọ tèmi.

Ajá! Rẹ́nikẹ́, ìwọ náà lo gbé ajá wálé! Nígbà tí o pè lánàá tí o ní olùkọ́ kan níbi iṣẹ́ rẹ fún ọ ní ọmọ ajá, mo rò pé n kò gbọ́ dáadáa ni. Mo ní kí o tún un sọ. O tún un sọ, o wá gbé fóònù sún mọ́ ọn, mo sì gbọ́ ohùn ẹ̀ tín-ín-rín tó ń ké wún-ún, wún-ún. Igbe tí mo ké, ìyá rẹ sáré jáde láti ilé ìdáná, ó rò pé òòlù ló bà mí lọ́wọ́. Mo ní, "Ọmọ rẹ ti ní ajá o!" Ó ní, "Èwo nínú wọn?" Mo ní, "Rẹ́nikẹ́!" Ńṣe ló jókòó sórí àpótí tó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Títí di ìsinsìnyí tí mo ń kọ̀wé yìí, tí ó bá ti wo ojú mi báyìí, ẹ̀rín ni.

Ṣúgà. Orúkọ yẹn pàápàá dùn mọ́ mi lẹ́nu. Mo ti pè é bí ìgbà mẹ́wàá láti àárọ̀.

Ṣùgbọ́n ohun méjì tí o fi parí ọ̀rọ̀ rẹ ló jẹ́ kí n mú ìwé àti bírò. Àkọ́kọ́, o ní láti ìgbà tí ará ilé yín ti tan jẹnẹrétọ̀, Ṣúgà ti wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì lọ, kò fẹ́ jáde mọ́. Ìkejì, o ní ẹni tó fún ọ ní ajá náà sọ pé kí o so ó mọ́ ẹ̀yìnkùlé, kí o má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án, kó lè burú, kó sì lè ṣọ́lé. O tún wá ní onílé yín ti kìlọ̀ pé ọjọ́ tí ajá bá bu ẹnì kan jẹ nínú ọgbà yẹn, ọjọ́ náà ni ìwọ àti ajá rẹ máa kó jáde. Ọmọ mi, kápẹ́ńtà ni mí. Tí ọ̀rọ̀ bá gùn, mo máa ń fẹ́ tẹ́ ẹ sílẹ̀ kí n wò ó kí n tó kan ìṣó mọ́ ọn. Lórí fóònù, gbogbo ẹ̀ á kàn dà rú mọ́ mi lẹ́nu. Ìdí nìyí tí mo fi ń kọ ọ́.

Jọ̀wọ́, má so ó. Mo ti so ajá rí, mo sì mọ ibi tó já sí.

Ìgbà tí o ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rákò ni mo gba Bíńgò. O ò lè rántí ẹ̀. Àwọn kan máa ń wá jí pákó mi kó ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀yìn ilé, ọkàn mi wá sọ pé ajá tó burú ni mo nílò. Ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ni Bíńgò, bíi ti Ṣúgà gẹ́lẹ́. Mo so ó mọ́ ẹ̀yìn pákó, níbi tí kò ti lè rí títì. Mo ní kí ẹnikẹ́ni má lọ síbẹ̀. Èmi nìkan ni mo ń gbé oúnjẹ fún un, mo kàn ń tì í sí i láti òkèèrè ni. Tí oníbàárà bá dé, tí Bíńgò bá gbó títí tí itọ́ fi ń dà lẹ́nu ẹ̀, inú mi á dùn, mà á ní, "Ẹ má dá a lóhùn, ajá tèmi kò mọ ẹnikẹ́ni." Mo ń fi yangàn ni o!

Wàyí o, wo apá òsì rẹ. Àpá tó wà nítòsí ìgúnpá yẹn, a máa ń sọ fún ọ pé orí àpáta lo ti ṣubú. Irọ́ ni, Rẹ́nikẹ́. Bíńgò ló bù ọ́ jẹ.

Ọmọ ọdún mẹ́ta ni ọ́. Ọ̀sán ni, òjò ńlá ṣú. O mọ bí àrá ṣe máa ń ṣe níbí, tó bá sán lẹ́ẹ̀kan, àwọn òkè á gbà á, wọ́n á máa dá a padà láti ibì kan sí ibòmíì. Bíńgò fa okùn títí okùn fi já. Ó ń sáré yí ká àgbàlá, kò mọ ibi tó máa gbà. Ìwọ jókòó sí fàráńdà, o ń jẹ búrẹ́dì. O sọ̀ kalẹ̀ lọ bá a nínú òjò. Ìyá rẹ tó ń ká aṣọ gbọ́ ohun tí o ń sọ. O ń sọ pé, "Bíńgò, wá, má sunkún mọ́." O na búrẹ́dì sí i. Ó fi ẹ̀yìn rìn títí ó fi kan ògiri. Nígbà tí kò rí ibi tó máa gbà mọ́, ó bu apá tí o nà sí i jẹ.

Igbe rẹ borí òjò yẹn. Ìyá rẹ gbé ọ lọ sí ọsibítù, wọ́n rán ojú egbò náà, wọ́n sì fún ọ ní abẹ́rẹ́. Èmi mú pákó kan, mo ní mo máa pa Bíńgò. Ó ti sá lọ. Ọjọ́ kejì ni èmi àti Àlàájì Sàlámì, tó ń ta páànù ní ọ̀ọ́kán ilé wa, wá a títí dé ìsàlẹ̀ òkè. Àárín àpáta méjì ló há sí. Ó ń gbọ̀n. Kò gbó, kò sì bínú, ó kàn ń wò wá. Mo gbé pákó sókè. Àlàájì, tí kì í fọwọ́ kan ajá, di apá mi mú.

Ó ní, "Bàbá Rẹ́nikẹ́, ẹ wò ó dáadáa. Ṣé ẹni tó burú ló ń gbọ̀n báyìí? Ẹ̀rù ló ń bà á."

Mo ju pákó yẹn sílẹ̀. Dókítà ẹran ní ká tì í mọ́lé, ká máa wò ó fọ́jọ́ mélòó kan bóyá dìgbòlugi ni. Kì í ṣe dìgbòlugi. Ẹ̀gbọ́n mi mú un lọ sí oko kòkó. Odidi ọdún kan ni Bíńgò lò níbẹ̀ kó tó jẹun lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi, tó bá sì ti gbọ́ ohùn àlejò, inú igbó ló ń sá sí. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe títí ó fi kú. Ajá yẹn kò ní ìwà burúkú kankan lọ́jọ́ tí mo gbé e wálé. Èmi ni mo fi ayé pa mọ́ fún un, tí ohun gbogbo inú ayé fi wá di ẹ̀rù lójú ẹ̀.

Ojú ló tì mí tí mo fi parọ́ fún ọ. Dárí jì mí, ọmọ mi. Mo ti fẹ́ sọ ọ́ ní ọ̀pọ̀ ìgbà, ẹnu mi kò gbà á. Ajá tí o gbé wálé yìí ló là mí lẹ́nu.

Ìwọ náà mọ bí ẹ̀rù ajá ṣe bà ọ́ lẹ́yìn náà, ìyẹn o rántí. Tí ajá bá gbó ní títì kejì, orí tábìlì lo máa ń gùn. Ọ̀nà tó jìn lo ń gbà lọ síléèwé torí ajá kan tí kò tiẹ̀ dìde nílẹ̀. Nígbà tí o pé ọmọ ọdún méje, ìyá rẹ ní ká gba ọmọ ajá mìíràn. Mo ní Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Ó gbé ọwọ́ lé ìbàdí, ó ní, "Ẹ̀yin lẹ kọ́ Bíńgò ní ẹ̀rù, Bíńgò ló kọ́ ọmọ wa. Ẹ wá tún un ṣe." Bí Pẹ̀lẹ́ ṣe wọlé nìyẹn, Pẹ̀lẹ́ wa! Ṣé o rí i, mo ti ń rẹ́rìn-ín.

Gbogbo ohun tí a ṣe fún Pẹ̀lẹ́ ni mo fẹ́ kí o ṣe fún Ṣúgà. Fi sọ́kàn, ọmọ mi.

Èkíní, òní ni kí o bẹ̀rẹ̀. Dókítà ẹran, obìnrin kúkurú tó máa ń gun ọ̀kadà yẹn, sọ fún wa pé títí ọmọ ajá fi máa tó oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin, ohun tó bá rí tí kò pa á lára, ọkàn ẹ̀ á gbà pé ara ilé ayé ni. Lẹ́yìn ìgbà yẹn, ó ṣì lè kọ́, ṣùgbọ́n wàhálà ẹ̀ á pọ̀. Nítorí náà má sọ pé o ń dúró de họ́lídè. Ṣùgbọ́n má gbé e sílẹ̀ níbi tí àwọn ajá tí o kò mọ̀ ń yàgbẹ́ sí títí abẹ́rẹ́ àjẹsára ẹ̀ fi máa pé. Gbé e mọ́ra. Ṣé o mọ ohun tí ìyá rẹ ṣe? Ó pọ̀n ọ́n! Ó fi ìró pọ̀n Pẹ̀lẹ́ sẹ́yìn, orí nìkan ló yọ, ó gbé e la Odode já. Àwọn obìnrin ń pè é, "Ìyá Rẹ́nikẹ́, ẹ kú ewu ọmọ o!" Ìyá rẹ ń dáhùn pé, "Ẹ ṣé o, bàbá ẹ̀ ló jọ." Èmi ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn, ojú ń tì mí, inú mi sì ń dùn. Lórí ẹ̀yìn yẹn ni Pẹ̀lẹ́ ti rí takisí, ewúrẹ́, ọkùnrin tó ń fi ọ̀pá rìn, obìnrin tó ṣí agbòòrùn lójijì, àti ẹ̀rọ ìlọta. Kó tó fẹsẹ̀ tẹ títì, ó ti mọ títì.

Èkejì, má kánjú, má sì fipá mú un. Má fa Ṣúgà jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Jókòó sílẹ̀ níbẹ̀, fi ẹja gbígbẹ díẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà ibi tó sá sí, kó jáde fúnra ẹ̀. Ti jẹnẹrétọ̀ yẹn, gbé e lọ síbi tó jìnnà débi pé ó lè gbọ́ ọ láì gbọ̀n, kí o máa fún un ní ẹja níbẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, sún mọ́ ọn díẹ̀. Tó bá ki ìrù bọ abẹ́, tó bá ń lá ètè tí kò sì fẹ́ jẹun mọ́, o ti sún mọ́ ọn jù nìyẹn, padà sẹ́yìn. Èmi náà ṣi èyí ṣe. Mo fi òòlù kan igi lẹ́ẹ̀kan láti òkèèrè, Pẹ̀lẹ́ kàn yí etí. Mo kàn án lẹ́ẹ̀mejì, ó ń jẹ ẹja ẹ̀ lọ. Orí mi wú, mo ní ó ti tán, mo fa ayùn sórí pákó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Ó tọ̀ sí mi lẹ́sẹ̀, ó sá, ọjọ́ mẹ́rin ni kò fi wọ ṣọ́ọ̀bù. Mo bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú ìtìjú. Nígbà tó yá, orí èérún pákó mi gan-an ló ń sùn.

Ẹ̀kẹta ni ti èèyàn. Jẹ́ kó rí oríṣiríṣi wọn: àgbà, ọmọdé, onírùngbọ̀n, ẹni tó wọ híjáàbù, ẹni tó dé àkẹtẹ̀. Àwa tí à ń wọ sùtánà lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ǹjẹ́ o rántí ọjọ́ tí Pẹ̀lẹ́ kọ́kọ́ rí wa nínú aṣọ funfun? Ó gbó wa bí ẹni tí kò mọ̀ wá rí! Ìyá rẹ ní ká jókòó sílẹ̀, ká sọ̀rọ̀, kó gbọ́ ohùn wa. Ó gbóòórùn etí aṣọ, ó wò mí lójú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ju ìrù bí ẹni tó ń tọrọ àforíjì.

Ṣùgbọ́n gbọ́ èyí dáadáa, torí o ní àwọn ará ilé yín kan jẹ́ Mùsùlùmí. Kì í ṣe dandan kí gbogbo èèyàn fọwọ́ kan Ṣúgà. Mo lọ bá Àlàájì Sàlámì, mo ní, "Àlàájì, mo fẹ́ kí ajá mi mọ̀ yín, ṣùgbọ́n n kò fẹ́ kí itọ́ ẹ̀ kàn yín." Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ fún mi. Èmi á jókòó níbí, òun á jókòó lọ́hùn-ún, a ó sì máa kíra wa." Láràárọ̀ tó bá ti ń ṣí ṣọ́ọ̀bù, á gbóhùn sókè pé, "Pẹ̀lẹ́, ṣé o jí dáadáa?" á sì ju àkàrà kékeré kan sọdá. Kò fọwọ́ kàn án lẹ́ẹ̀kan títí ayé Pẹ̀lẹ́, síbẹ̀ kò sẹ́ni tí Pẹ̀lẹ́ fẹ́ràn tó Àlàájì. Ọ̀rẹ́ láti òkèèrè pé bẹ́ẹ̀. Lọ bá àwọn ará ilé yín fúnra rẹ, béèrè bí wọ́n ṣe fẹ́ ẹ, má jẹ́ kí ajá rẹ gun aṣọ ẹnikẹ́ni.

Ti àwọn ọmọ iléèwé rẹ, mo mọ̀ ọ́, o ti ń rò ó láti gbé e dé kíláàsì! Rárá o. Mú ọmọ méjì tó ní sùúrù. Kí wọ́n jókòó, kí wọ́n má nawọ́ sí i lórí, kí wọ́n rọra fọwọ́ pa á lọ́rùn níwájú tó bá wá bá wọn. Tó bá fẹ́ kúrò, ẹ jẹ́ kó kúrò. Ajá tó mọ̀ pé òun lè rìn kúrò kì í sábà rò ó láti bu èèyàn jẹ. Bíńgò kò rí ibi tó máa gbà, ohun tó ṣe ọ́ nìyẹn.

Mi ò mọ ibi tí mo kà á dé mọ́. Ẹ̀kẹrin ni, àbí ẹ̀karùn-ún? Ṣáà máa di ẹsẹ̀ ẹ̀ mú díẹ̀díẹ̀, wo etí ẹ̀, la ẹnu ẹ̀, kí o sì fún un ní nǹkan jẹ, kó má bàa di ìjà nígbà tí dókítà bá fẹ́ wò ó. Mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà nígbà tí kò sí abẹ́rẹ́ kankan, kó kàn lọ jẹ bíìsíkítì níbẹ̀ kó sì padà wálé. Kó o tó máa fi í sílẹ̀ lọ síbi iṣẹ́, kọ́kọ́ jáde fún ìṣẹ́jú kan, wọlé padà láì pariwo, kó tó di ìṣẹ́jú márùn-ún, kó tó di wákàtí. Ní ọjọ́ iṣẹ́ tó gùn, bẹ ará ilé tó bá fẹ́ràn ẹ̀ kó máa yọjú sí i. Kó máa rin orí iyanrìn, orí sìmẹ́ńtì, orí àpáta, kó gun àtẹ̀gùn mélòó kan. Gbogbo ẹ̀ kò gbọdọ̀ pọ̀ lọ́jọ́ kan. Ọmọdé ni, oorun ló pọ̀ jù nínú iṣẹ́ ẹ̀.

Ẹni tó ní kí o so ó kó lè ṣọ́lé, bá mi sọ èyí fún un. Bíńgò ń gbó gbogbo èèyàn. Ó ń gbó ewé. Nígbà tó yá, ẹnikẹ́ni kì í wẹ̀yìn mọ́ tó bá gbó, pákó mi sì ń lọ. Pẹ̀lẹ́ mọ gbogbo àdúgbò, torí náà ó mọ ẹni tí kì í ṣe ará àdúgbò. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí a lọ sí ìsìnkú, ọkùnrin kan wọ ṣọ́ọ̀bù, ó gbé pákó ìrókò lé èjìká. Pẹ̀lẹ́ dúró sí ẹnu ọ̀nà, kò bù ú jẹ, ó kàn gbó, gbígbó tí kì í gbó bẹ́ẹ̀. Àlàájì ní bí òun ṣe gbọ́ ohùn yẹn, òun mọ̀ pé nǹkan ti ṣẹlẹ̀. Ó pe àwọn ará ṣọ́ọ̀bù, wọ́n jọ sọdá. Ọkùnrin náà gbé ìrókò sílẹ̀ jẹ́jẹ́, ó ní òun ṣi ilé wọ̀ ni! Ọ̀sẹ̀ kan gbáko la fi ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

Rẹ́nikẹ́, jẹ́ kí n sọ èyí tó dùn mọ́ mi jù. Gbogbo ohun tí a ń ṣe fún Pẹ̀lẹ́ nígbà yẹn, ìwọ gan-an la ń ṣe é fún. A kò fipá mú ọ. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, orí tábìlì lo wà. A ní kí o jókòó síbẹ̀, ibẹ̀ náà dáa. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, o bọ́ sórí àga. Nígbà tó yá, o bọ́ sórí àpótí. Ìyá rẹ ń wò mí, èmi náà ń wò ó. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo ń gbẹ́ ẹsẹ̀ àga lọ́wọ́, mo gbọ́ ohùn rẹ láti pálọ̀, ohùn tí kò ju ti ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú ṣọ́ọ̀ṣì lọ: "Bàbá... ó gbé àgbọ̀n lé mi lẹ́sẹ̀." Mo yọjú. Ilẹ̀ lo jókòó sí. Pẹ̀lẹ́ ti sùn lọ lórí ẹsẹ̀ rẹ, ìwọ kò sì fẹ́ mira kó má bàa jí. Mo padà sí ṣọ́ọ̀bù, mo jókòó ti ẹsẹ̀ àga tí mo ń gbẹ́, mo sunkún bí ọmọdé. Ìyá rẹ gan-an kò mọ̀.

Ọmọ tó ń gun tábìlì yẹn ló ti wá ní ajá tirẹ̀ báyìí, tó tún sọ ọ́ ní Ṣúgà! Ṣé kí n má jó?

Sátidé tó ń bọ̀, mo máa wọ takisí wá bá ọ ní Owena. Tí mo bá dé, má gbé Ṣúgà lé mi lọ́wọ́, má sì pè é jáde. Fi í sílẹ̀ níbi tó bá wà. Bá mi tẹ́ ẹní sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà yàrá, mà á jókòó síbẹ̀, mi ò ní wò ó lójú, èmi àti ìwọ á kàn máa sọ̀rọ̀ tiwa. Tó bá wá, ó wá. Tí kò bá wá, mà á dìde, mà á wọ takisí padà sílé, Sátidé tó tẹ̀ lé e mà á tún wá jókòó.

Èmi ni,
Bàbá rẹ tó ń ka ọjọ́.